Koríko Tó Kún Àwọ̀n: Kí Ló Dé Bá Ewé Inú Òkun?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ ń kà yìí. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti fún ẹ̀yin tí dátà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dé ìparí.

Màmá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Agége ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn tó ń kó ẹja wá fún wa láti etí òkun ní koríko ló ń kún inú àwọ̀n àwọn, kì í sì í ṣe koríko odò tí àwọn mọ̀. Níbo ló ti ń bọ̀? Ṣé ó máa lọ?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn. Ìbéèrè méjì péré ni, ṣùgbọ́n kí n tó rí ìdáhùn, mo ní láti ka ìwé nípa afẹ́fẹ́, nípa ooru, àti nípa gọ́tà tiwa níbí ní Ìkejà.

Kí ni algae?

Ẹ ti rí algae rí, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára táńkì omi tí a ò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́, algae ni. Ó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bíi ti ewé, ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò, kì í yọ òdòdó, kì í so èso.

Oríṣi méjì ló kàn wá lónìí. Èkíní kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Phytoplankton ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tí àwọn ohun tó ń lo oòrùn ń ṣe jáde láyé, inú òkun ló ti ń wá. Òun náà ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ inú òkun. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ń jẹ ẹ́, ẹja ń jẹ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́, àwa náà sì ń fi sáwá jẹ ẹ̀bà.

Oríṣi kejì ni èyí tó wọ àwọ̀n: sargassum. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín wúrà àti búráùn. Ó ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní àwọn nǹkan roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn. Àwọn yìí ló ń gbé e léfòó. Ọ̀pọ̀ ewé òkun mìíràn máa ń di àpáta mú nísàlẹ̀ omi, ṣùgbọ́n irú sargassum méjì tó ń léfòó káàkiri Atlantic, natans àti fluitans, kì í gbé ìsàlẹ̀ òkun rárá. Bí ìgbì bá ya á sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa dàgbà lọ. Bí omi bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Níbo ló ti ń bọ̀?

Láti ayébáyé, ibùgbé tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni apá àríwá òkun Atlantic, níbi tí wọ́n ń pè ní Sargasso Sea. Columbus àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ní 1492. Ìṣàn omi yí ibẹ̀ ká bí ọgbà, kò sì jẹ́ kí ewé náà lọ jìnnà.

Ní ìgbà òtútù 2009 sí 2010, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí Atlantic yí padà lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n. Ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì sún sí gúúsù. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ òkun kan ṣe ní 2020 ni pé afẹ́fẹ́ yìí ló gbá apá kan ewé náà kúrò nílé, tó tì í sí ìlà-oòrùn, tí ìṣàn omi sì gbé e wá sí ìhà tiwa, níbi tí oòrùn kì í ti í wọ́n. Ó dé, ó sì jókòó.

Láti 2011 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ rẹpẹtẹ ní àwọn erékùṣù Caribbean àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Sierra Leone, Ghana, títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ní University of South Florida yẹ àwòrán sátẹ́láìtì NASA láti 2000 sí 2018 wò. Ohun tí wọ́n rí ní oṣù kẹfà ọdún 2018 ni ewé tó tò bí ìgbànú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Gulf of Mexico. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 8,850 kìlómítà, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ. Bí ẹ bá wakọ̀ láti Èkó dé Kánò tí ẹ padà, tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò tíì rìn tó gígùn rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìwọ̀n rẹ̀ ti dé mílíọ̀nù 37.5 tọ́ọ̀nù.

Ta ló ń bọ́ ọ?

Ẹ rántí ògì tí a sẹ́ tí a gbé kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á wà lókè, ògì á ti sìlẹ̀. Ẹni tó bá bu omi orí rẹ̀ mu ò tíì mu ẹ̀kọ.

Bí òkun ṣe rí nìyẹn. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oúnjẹ algae, ìyẹn nitrogen àti phosphorus tó wà nínú àpò ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń rà, ìsàlẹ̀ ló wà. Ohun kan gbọ́dọ̀ ro ó pọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ni ọmọrogùn òkun. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ní etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana. Phytoplankton á gbèrú, sáwá á sì pọ̀ nínú àwọ̀n.

Wàyí o, òkun ti gba ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 ooru àfikún tí èéfín ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ gbogbo àgbáyé ń fà. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, ó máa ń dúró sókè bí òróró lórí ọbẹ̀. Bí òkè bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ṣe ń nira fún ọmọrogùn láti dé ìsàlẹ̀. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ebi á máa pa phytoplankton, ẹja náà á sì mọ̀ ọ́n lára. Yàtọ̀ sí ooru, òkun tún ń fa carbon dioxide inú èéfín wa mu, èyí sì ti mú kí omi rẹ̀ kan ju ti ayé àtijọ́ lọ. Àwọn algae wẹ́wẹ́ tó ń fi ẹfun kọ́ ìkarahun sára ni kíkan yìí ń dà láàmú jù.

Báwo wá ni sargassum ṣe ń sanra nígbà tí ebi ń pa ẹlòmíràn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka ẹ̀sùn sí odò Amazon lọ́rùn, pé ajílẹ̀ tó ń ṣàn látinú rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní 2025, àwọn onímọ̀ Max Planck Institute for Chemistry ní Jámánì gbé àlàyé mìíràn jáde. Afẹ́fẹ́ nítòsí ìlà agbedeméjì ayé ń ro phosphorus gòkè, nígbà tí àwọn bakitéríà kan tó ń gbé lára sargassum ń fa nitrogen láti inú afẹ́fẹ́ fún un. Ẹ ò rí i pé ó gbé alásè tirẹ̀ dání!

Gọ́tà Ìkejà ńkọ́?

Mi ò sọ pé gọ́tà Ìkejà ló bí sargassum o. Agbami ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí algae tó wà nínú omi tiwa: ta ló ń bọ́ ọ, báwo ni omi ṣe gbóná tó, báwo ni iyọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Odò Ìyá Aláró ń gba omi ìdọ̀tí láti agbègbè ilé iṣẹ́ Ìkejà, ó sì ń ṣàn lọ sínú Ọ̀sà Èkó. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ aró. Lónìí, ohun tó ń wọ inú rẹ̀ ti ju aró lọ: omi ọṣẹ, ìgbẹ́, àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́. Nitrogen àti phosphorus wà nínú wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, algae á bo ojú omi. Bó bá kú tó ń jẹrà, ó ń lo ọ́síjìn inú omi tán, ẹja á sì máa mí gúlegúle.

Ọ̀jọ̀gbọ́n D. I. Nwankwo àti àwọn mìíràn ní Yunifásítì Èkó, tó wà létí ọ̀sà yẹn gan-an, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí àwọn algae inú rẹ̀. Nígbà òjò, omi odò máa ń lé iyọ̀ jáde, àwọn algae omi dídùn á sì gbilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, tòun ti algae tirẹ̀. Ìyẹn ni pé bí òjò bá yí ìgbà padà, tí òkun sì ga sí i, àwọn tó ń gbé inú ọ̀sà náà á yí padà.

Ìdáhùn fún Màmá

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Àwọn kan ní Olókun ló ń bínú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ló gbé koríko náà wá, omi òkun sì ń bọ́ ọ.

Ṣé ó máa lọ? Kì í ṣe ọdọọdún ló ń pọ̀. Ní 2013, ó dínkù gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ìhà ọ̀dọ̀ wa di ilé, ó yẹ ká máa retí rẹ̀ bí a ṣe ń retí òjò. Sátẹ́láìtì lè rí i kó tó gúnlẹ̀. Bí ìròyìn yẹn bá ń dé etí àwọn apẹja lédè tí wọ́n gbọ́, wọn á mọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ju àwọ̀n àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n dúró sílé.

Bó bá ti gúnlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹrà sítòsí ilé. Òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ tó ń yọ, gáàsì hydrogen sulphide ni, ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Àwọn kan ń fi ṣe ajílẹ̀, ṣùgbọ́n arsenic máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má kàn kó o fún ewúrẹ́ jẹ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní tiwa níbí ní Ìkejà àti Agége, a ò lè dá afẹ́fẹ́ Atlantic dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ gọ́tà wa, ọwọ́ wa ló ti ń jáde. Bí ẹ bá mọ ibi tí omi gọ́tà àdúgbò yín ń ṣàn lọ, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a ó gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú ètò tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.