Ìbòsẹ̀ Ẹṣin: Ààbò Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, Ọlọ́hun Ọba mẹ́nu ba ẹṣin nínú Súrátù Náhálì, aayah 8, pé fún gígùn àti ọ̀ṣọ́ ni Òun ṣe dá a. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ìdílé wa tí ń gbé ní Maitama, ní Àbújá, a máa múra àtilọ sílé: ọmọ Ìjẹ̀bú ń retí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún, ọmọ Ìlọrin ń retí Dọ́bà. Yálà ẹ ní ẹṣin tiyín, tàbí ẹ óò háyà ọ̀kan fún ọmọ yín, ẹ má ṣe wo gàárì àti ìjánu nìkan. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Láti ìsàlẹ̀ orúnkún ẹṣin dé pátákò, kò sí ẹran níbẹ̀; egungun, iṣan líle àti awọ ni. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbá èkejì lẹ́nu eré, ọgbẹ́ náà lè sọ ẹṣin di arọ. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi ìbòsẹ̀ sí i.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní bo ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ni ó nípọn jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kejì ń gbá. Èkejì ṣí sílẹ̀ níwájú, ó le lẹ́yìn, láti dáàbò bo iṣan. Ẹ̀kẹta rí bí agogo, ó yí pátákò iwájú ká, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ní ti aṣọ gígùn tí a ń wé mọ́ ẹsẹ̀, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wé nìkan ni kí ó wé e. Bí ó bá fún jù, a pa iṣan lára. Bí ó bá tú, ẹṣin lè tẹ̀ ẹ́, kí ó gbé ọmọ yín ṣubú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn gígùn ẹsẹ̀ náà àti bí ó ti tóbi tó. Ìbòsẹ̀ kò gbọdọ̀ dí orúnkún lọ́wọ́; ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ìdè rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òde, kí ẹnu ìdè kọjú sẹ́yìn. Ẹ gbọn iyanrìn kúrò lára ẹsẹ̀ kí ẹ tó dè é, nítorí iyanrìn a máa họ awọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ooru. Lẹ́nu eré líle, ooru inú iṣan ẹṣin lè tó ìwọ̀n 45 Celsius, bẹ́ẹ̀ 37 ni ti ara ènìyàn. Ẹ yan èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ tú u ní kété tí gígùn bá parí, kí ẹ sì da omi tútù sí ẹsẹ̀ náà.

Ìbòsẹ̀ kì í wo ẹṣin tí ń tiro sàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ líle ọ̀dà títì. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, ìsinmi àti dókítà ẹranko ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe agbo ọdún.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹranko tí kò lè fọhùn. Àmáńà ni wọ́n lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣọ́ ọ. Àmín.