Wọ́fáríìnì: Oògùn tí Ìwọ̀n Rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Pé

Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn tí ọ̀bẹ gé ènìyàn, ewu ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú iṣan, ewu ni pẹ̀lú. Láàárín ewu méjèèjì yìí ni ẹni tí ń lo wọ́fáríìnì wà. Àwọn oníṣègùn a máa fi í tọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, àti ẹni tí a ṣe ìlẹ̀kùn àtọwọ́dá sí lọ́kàn.

Ìtàn oògùn yìí yani lẹ́nu. Lẹ́yìn 1920, màlúù tí ó jẹ koríko tí ó ti bu ní Kánádà àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀jẹ̀ kú. Karl Paul Link ti Yunifásítì Wisconsin wá ìdí rẹ̀, láti inú iṣẹ́ náà ni wọ́fáríìnì sì ti jáde. Májèlé eku ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún ní 1948. Ní 1954 ni ó di oògùn ènìyàn. Ìwọ̀n ni ó ya májèlé sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn.

Nítorí náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní INR fi ṣe dandan. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, 2 sí 3 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá, bí ti Yunifásítì Benin ní Ugbowo, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973, ni ó yẹ fún irú ìtọ́jú yìí.

Oúnjẹ pẹ̀lú ń da ìwọ̀n náà rú. Fítámì K inú ewébẹ̀ tútù a máa dín agbára wọ́fáríìnì kù. Ọmọ Yorùbá tí ó fi ọbẹ̀ ata sílẹ̀, tí ó wá ń jẹ omoebe, ọbẹ̀ dúdú àwọn Ẹ̀dó tí a fi ewúro àti efinrin sè, lójoojúmọ́, ní láti sọ fún dókítà. Kò gbọdọ̀ sá fún ẹ̀fọ́. Kí ó má ṣe jẹ ẹ́ ní àjẹpọ̀ lónìí, kí ó sì pa á tì lọ́la.

Ásípírìn àti ibuprofen tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mìsì lè mú ẹ̀jẹ̀ ya. Àgbo àti ọtí lè da agbára oògùn náà rú. Kí aláìsàn má gba abẹ́rẹ́, kí ó má sì sín gbẹ́rẹ́, láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀. Obìnrin tí ó bá lóyún gbọ́dọ̀ tètè lọ rí dókítà, nítorí wọ́fáríìnì lè ba ọmọ inú jẹ́.

Ẹni tí ó bá ń lọ ilé fún ọdún, kí ó di oògùn rẹ̀ àti káàdì àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ ẹrù. Bí ó bá gbàgbé, kí ó má lò ó ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tàbí orí fífọ́ gidigidi lẹ́yìn tí ènìyàn ṣubú, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ.

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nínú ọ̀ràn oògùn yìí, àìtó pẹ̀lú léwu.