Iṣẹ́ Eléré Alárìnjó

Ní àkókò tí àwọn eléré orí ìtàgé ń rin ìlú dé ìlú, bí ọkọ̀ wọn bá ti gba Ọjàaba kọjá sí Bẹẹrẹ, tí ìlù ń dún nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń pe orúkọ eré alẹ́, àwọn ọmọdé Bẹ́yẹrúnkà a máa tú jáde tẹ̀ lé e. Láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti pinnu lọ́kàn wọn pé òṣèré ni àwọn yóò dà. Ohun tí wọn kò rí ni èyí tí ó wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn eégún apidán ti ń rìn kiri kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kà sí baba eré ìtàgé òde òní ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣòòsà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọlọ́pàá ni. Ní ọdún 1945 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún, tí ó fi í sílẹ̀ nítorí ìlù àti orin! Alágbe ni àwọn àgbà ń pe irú wọn nígbà náà, kò sì sí baba tí inú rẹ̀ dùn pé kí ọmọbìnrin òun gun orí ìtàgé. Ògúndé fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má bàa tú, nítorí bí wọ́n bá lọ́kọ níta, ọkọ yóò fà wọ́n kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ owó. Owó tí òǹwòran san ní ẹnu ọ̀nà ni ẹgbẹ́ fi ń jẹun. Kí ọ̀gá tó fi ọwọ́ kan kọ́bọ̀, ó ti san owó gbọ̀ngàn, owó ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, àti owó epo ọkọ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ènìyàn kò jáde, gbèsè ni ó kù. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fi dà bí ọmọ iṣẹ́: oúnjẹ, ibi ìsùn àti ìwọ̀nba owó àpò ni wọ́n ń rí gbà. Ẹni tí ó dé adé ọba ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni yóò ru pákó ìtàgé sínú ọkọ̀ ní òru, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, wọ́n ti wà ní ọ̀nà ìlú mìíràn.

Ìjọba pẹ̀lú lè ṣe wọ́n léṣe. Nítorí eré Yorùbá Ronú ti ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí ó fi Ìbàdàn yìí ṣe ibùjókòó, fi òfin de Ògúndé pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní ẹkùn náà. Ó di ọdún 1966, nígbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba, kí òfin náà tó kúrò. Ẹgbẹ́ tí ń fi èdè Yorùbá jẹun ni a lé kúrò láàárín Yorùbá!

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ní ògo tirẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí ó ti ṣe tíṣà rí, sọ ìwé Amos Tutùọlá di eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963. Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀ dé Berlin ní ọdún 1964. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá mọ̀ pé ọ̀dọ́ tí ó bá tẹ̀ lé irú àwọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta yóò gbọ́ ìlù, oríkì àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ju bí mo ti lè kọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n Ògúnmọ́lá kú ní ọdún 1973, Ládípọ̀ ní ọdún 1978. Ògúnmọ́lá kò pé ẹni 50 ọdún.

Nígbà tí ó yá, tẹlifíṣọ̀n àti sinimá fa òǹwòran kúrò ní gbọ̀ngàn, àwọn eléré sì tẹ̀ lé wọn lọ. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tí ó pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín, ná owó gọbọi lórí sinimá Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Kí ó tó rí èrè rẹ̀ jẹ, àwọn olè ti dà á kọ sínú fídíò, wọ́n ń tà á kiri ìgboro, gbèsè sì ni ó bá a kù.