Jẹ̀díjẹ̀dí: Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ ọ̀bẹ

Àìsàn kan wà tí àgbàlagbà lè máa bá yí lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò ní mọ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n wí, ìbẹ̀rù ọ̀bẹ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀bẹ rárá.

Orúkọ yìí gba nǹkan púpọ̀ mọ́ra nílẹ̀ Yorùbá. Inú tó ń kùn, ẹ̀yìn tó ń dunni, ọkùnrin tí kò lè ṣe dáadáa mọ́ nínú yàrá, jẹ̀dí la máa ń pe gbogbo rẹ̀, ṣúgà la sì ń dá lẹ́bi. Èyí tí àwọn dókítà mọ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ihò ìdí tó wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yọ síta. Ìgbẹ́ líle, fífipá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, jíjókòó pẹ́ nílé ìgbẹ́ àti oyún wà lára ohun tó ń fà á.

Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ni oògùn àkọ́kọ́: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, àti omi tó pọ̀. Jíjókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 máa ń dín ìrora kù. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ la wí o, kì í ṣe gbígbóná, kò sì nílò Dettol.

Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, rọ́bà wà. Rọ́bà kékeré kan ni dókítà máa fi irinṣẹ́ kì bọ ìdí ibi tó wú náà. Ẹ̀jẹ̀ kò ní í débẹ̀ mọ́, yóò gbẹ, yóò sì já fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ìwọ́ ọmọ tuntun ṣe máa ń já. Apá òkè, níbi tí ara kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora, ni wọ́n ń so ó sí. Ọjọ́ náà ni aláìsàn máa ń padà sílé. James Barron, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní ọdún 1963.

Abẹ́rẹ́ náà wà, èyí tí wọ́n ń gún sí ibẹ̀ kó lè sún kì. Ní ọdún 2009, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi glúkóòsì líle làwọn fi gún un. Ṣúgà tá à ń bú náà ló wá di oògùn! Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń gbé báàgì oògùn kiri abúlé.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ti yọ síta pátápátá, tí kò ṣeé tì padà mọ́, lè nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Èyí tó yẹ kó kó àgbàlagbà lọ́kàn sókè jù lọ ni ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ìdí jáde ni jẹ̀dí. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máa dàgbà nínú ẹni tó ń mu àgbo jẹ̀dí láàárọ̀ lálẹ́. Ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀, kì í sì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.