Bí a ṣe ń dá ẹnu USB mọ̀ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́, àti bí a ṣe ń fi tuntun kún un

Ní Amoutivé, nílùú Lomé, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà tí a fi ń tọ́jú ohùn àwọn àgbà: oríkì, àlọ́ àti ìtàn ìdílé. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó ni ohùn náà ti di ará ọ̀run. Nígbà tí a fẹ́ da iṣẹ́ náà kọ sórí dísíkì mìíràn, a rí i pé gígábáìtì 16 péré yóò gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Iná sì lọ kí ó tó parí. Dísíkì ni a kọ́kọ́ bá wí. Ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀. Ẹnu tí a fi okùn rẹ̀ bọ̀ ni ó lọ́ra.

1. Orúkọ rẹ̀

Àwọn tí ń sọ Faransé a máa pè é ní « port ». Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún èbúté, ará Lomé sì mọ èbúté. Síbẹ̀, lára ẹ̀rọ, ohun tí a ń sọ ni ibi tí iṣẹ́ ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde, bí ẹnu ọ̀nà ilé. Nítorí náà, « ẹnu USB » ni a ó máa wí níhìn-ín.

2. Oríṣìí rẹ̀

USB kìíní jáde ní 1996. USB 1.1 ti 1998 ń gbé mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, USB 2.0 ti 2000 ń gbé 480, USB 3.0 ti 2008 ń gbé 5 000. Dísíkì tuntun a máa ṣiṣẹ́ ní ẹnu àtijọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹnu àtijọ́ náà ni yóò máa bá a rìn.

3. Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ẹ wo inú ẹnu náà. Ti USB 3.0 sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, ó sì ní irin wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án. Ti ìṣáájú ní mẹ́rin. Ojú kò lè fi 1.1 hàn yàtọ̀ sí 2.0. Nítorí náà, nínú Windows, ẹ ṣí « Gestionnaire de périphériques », kí ẹ wo abẹ́ « Contrôleurs de bus USB ». Bí orúkọ « Enhanced » tàbí EHCI bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ní 2.0; bí ẹ bá rí xHCI, ó ní 3.0. Bí ó bá jẹ́ UHCI tàbí OHCI nìkan, 1.1 ni.

4. Bí a ṣe ń fi tuntun kún un

Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ okùn iná rẹ̀. Kí ẹ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀, kí iná tí ó wà lára ènìyàn má baà ba inú ẹ̀rọ jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ihò tí ó ṣófo fún káàdì. Ihò PCI gùn, ó sì sábà máa ń funfun: káàdì USB 2.0 ni kí ẹ rà fún un. Ihò PCI Express kékeré, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára kọ̀ǹpútà ní 2004, lè gba káàdì USB 3.0. Àwọn káàdì kan ń béèrè okùn iná láti inú àpótí. Ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Ẹ tún wo Windows tí ẹ ń lò. Windows 7 kò mọ USB 3.0 fúnra rẹ̀: a gbọ́dọ̀ fi ètò tí ó bá káàdì náà wá sínú rẹ̀. Windows 8 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ ti Amoutivé kò ní ju PCI lọ. Káàdì USB 2.0 tó fún un: iṣẹ́ tí ì bá gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, kí a tó náwó, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ní. Kí a sì ṣe é kíákíá, nítorí dísíkì àtijọ́ kì í dágbére kí ó tó lọ, ohùn àgbà tí ó bá bá a lọ kò sì ní padà wá.