Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọ̀nà màálù ń dí

Ẹ̀yin ará wa ní Alabar ní Kumasi, kì í ṣe gbogbo màálù tí à ń jẹ níbí ni wọ́n sìn ní Ghana. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí koríko gbẹ ní Burkina Faso, àwọn Fúlàní darandaran máa ń da ẹran sọ̀kalẹ̀ wá sí apá Agogo àti Afram Plains ní Ghana.

Àyè wọn ti há. Ìdídò Akosombo, tí wọ́n parí ní 1965, da omi bo ilẹ̀ tó tó 8,500 kìlómítà níbùú lóròó, omi náà sì ya wọ àfonífojì Afram. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ ScanFuel ti Norway gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ nítòsí Agogo láti gbin lápálápá tí wọ́n fẹ́ fi ṣe epo ọkọ̀. Nígbà tó yá, àgbàdo ni wọ́n ń gbìn. Bí àyè ṣe ń dín, ẹran ń ya sóko olóko, ìjà ń dé, ẹ̀mí sì ń lọ. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ gíga Kumasi pàṣẹ pé kí wọ́n kó màálù kúrò ní Agogo.

Síbẹ̀, òfin ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1998 gbà kí ẹran kọjá ẹnubodè, bí ìwé bá wà lọ́wọ́ darandaran: iye ẹran, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà, ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀. Ó dùn mí gan-an pé darandaran àti àgbẹ̀ nìkan la máa ń dá lẹ́bi. Ẹni tó pín ilẹ̀ Agogo fún ilé-iṣẹ́ ńkọ́?