Sísọ Fèrèsé di Ẹnu-Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, Yábàá: Àlàyé lórí Ògiri Búlọ́ọ̀kù àti Àtẹ́rígbà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri inú òwe yìí ló ń lanu fúnra rẹ̀. Ní Sábó, ní àdúgbò Yábàá ní Èkó, onílé ló ń la ògiri lẹ́nu, owó ni ó sì fi ń wá. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, ìgbìmọ̀ yìí ni ó sì pín ilẹ̀ Yábàá sí ojúlé fún ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n ọjà Sábó, Yaba College of Technology tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, àti àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ya wọ àdúgbò náà láti ìgbà tí Co-Creation Hub ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Herbert Macaulay Way ní 2011, ti mú kí yàrá iwájú ilé lówó lórí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyí tí fèrèsé fi ń di ẹnu-ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ògiri ń ṣe, ohun tó ń bá a bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ sí i, àti ìlànà tí kò mú ewu wá.

Iṣẹ́ tí Ògiri ń Ṣe

Búlọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn àti síméńtì ṣe ni ó wọ́pọ̀ jù lọ ní Èkó. Èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní oní-íǹṣì-mẹ́sàn-án gùn tó mìlímítà 450, ó ga tó 225, ó sì nípọn tó 225. Oní-íǹṣì-mẹ́fà nípọn tó 150. Ihò méjì sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù lè gbé ẹrù tó bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ṣùgbọ́n agbára tó bá ń fà á ya máa ń tètè ṣẹ́ ẹ. Nítorí náà ni àtẹ́rígbà, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní líńtẹ́ẹ̀lì, fi ń wà lórí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kọnkéré ni, irin sì wà nínú rẹ̀. Irin ìsàlẹ̀ ni ó ń gba fífà tí kọnkéré kò lè gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé alájà àtijọ́, kò sí òpó. Orí ògiri búlọ́ọ̀kù gan-an ni dékì jókòó lé.

Gígé Sísàlẹ̀ àti Gígé Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni onílé ń pè wọ́n. Ẹni tó gé ògiri abẹ́ fèrèsé nìkan dé ilẹ̀ kò fọwọ́ kan àtẹ́rígbà. Ọ̀nà tí ẹrù òkè ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì ń gbà. Ẹni tó gé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti gé ibi tí àtẹ́rígbà gbé orí lé.

Bí ibú ojú ògiri bá kúrò ní mítà 1.2 tó di 2.4, ìlọ́po méjì ni ojú rí, ṣùgbọ́n ẹrù kò dúró síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó di ara wọn mú máa ń darí ẹrù sí ọ̀tún àti òsì, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n onígun mẹ́ta kan ni ó ń tẹ àtẹ́rígbà. Bí ìdí onígun mẹ́ta náà bá di ìlọ́po méjì, gíga rẹ̀ á di ìlọ́po méjì pẹ̀lú, ìwúwo rẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí ẹrù ìlọ́po mẹ́rin bá wà lórí àtẹ́rígbà tó gùn ní ìlọ́po méjì, agbára tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí dékì bá bọ́ sínú onígun mẹ́ta yìí, ẹrù tirẹ̀ tún kún un. Ní ilé tó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n ní Èkó nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, erùpẹ̀ ìta tún ń ti ògiri sínú.

Ìlànà Iṣẹ́

Ìwé àṣẹ ni ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010 ti là á kalẹ̀; Lagos State Building Control Agency ni ó sì ń bójú tó iṣẹ́ ilé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ilé kíkọ́ ni yóò ṣírò bí àtẹ́rígbà yóò ti nípọn tó àti iye irin tí yóò wọ inú rẹ̀.

Gbígbé ẹrù ró ni ó kàn. Wọ́n á lu ihò sára ògiri lókè ibi tí àtẹ́rígbà tuntun yóò wà, wọ́n á ti irin tàbí igi líle gba inú rẹ̀ já, wọ́n á sì fi òpó irin gbé e ró nínú ilé àti níta, lórí pákó tó fẹ̀ kí òpó má baà rì. Wọ́n á gbé dékì náà ró.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbẹ́ àyè àtẹ́rígbà. Ó yẹ kí orí rẹ̀ kọjá ojú ògiri tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì fi kọnkéré dí ihò àwọn búlọ́ọ̀kù tí yóò gbé e. Kọnkéré nílò omi fún ó kéré tán ọjọ́ 7, nǹkan bí ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń ka agbára rẹ̀ sí pípé. Bí ó bá ti gbó, wọ́n á fi síméńtì líle dí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri òkè. Ìgbà yìí nìkan ni búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ tó ṣe é gé, ẹ̀rọ tí a fi ń gé e sì dára ju òòlù ńlá tó ń mi gbogbo ògiri lọ. Òpó ni ó ń kúrò gbẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: ayálégbé ti sanwó, ó fẹ́ kó ọjà wọlé, ọjọ́ 28 sì gùn lójú onílé. Bí ògiri bá ń là láti igun ojú rẹ̀ lọ sókè bí àtẹ̀gùn, àmì ni pé àtẹ́rígbà kò gbé ẹrù náà mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà kan wó ní òpópónà Ìbàdàn ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Sábó. Ènìyàn mẹ́wàá kú. Ohun yòówù kó wó ilé, àwọn tó ń sùn lókè kì í sábà mọ ohun tí wọ́n gé nísàlẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi onígun mẹ́ta orí fèrèsé kọ́ ìṣirò ní èdè Yorùbá ń kọ́ ọmọ tó lè di bíríkìlà, onílé tàbí ayálégbé lọ́la. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé kí wọ́n tó gbé òòlù, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ògiri náà gbé rù.